Fọ́tò Ìbejì Tó Wà Lára Ògiri Wa

Ilẹ́ṣà,
Ọjọ́ Ẹtì, lẹ́yìn òjò.

Kẹ́hìndé mi, Àbẹ̀kẹ́ mi, ọmọ ayàwòrán,

Ṣé ara rẹ le? Ṣé Ìbàdàn ń ṣe ọ́ jẹ́jẹ́? Ara tèmi le, àfi orúnkún yìí tó ń ṣe bíi pé òun ló bí mi.

Mo mọ̀ pé o máa rẹ́rìn-ín bí o bá rí lẹ́tà. O máa ní, "Màámi, ẹ ò kàn pè mí?" Mo fẹ́ pè ọ́. Láti àárọ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo gbé fóònù, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo tún gbé e kalẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ kì í ṣe èyí tí ènìyàn ń sọ kí ẹnì kejì máa ké pé, "Hẹ́lò, mi ò gbọ́ yín dáadáa." Kíláàsì mẹ́ta ni mo kà dé ní girama, ìwọ náà mọ̀, nítorí náà bí ìwé mi bá wọ́, fara dà á fún mi. Awakọ̀ kan nínú ìjọ wa ń bọ̀ ní Ìbàdàn lọ́la. Òun ni yóò gbé e fún ọ, kí ọjọ́ Ajé tó dé.

Ohun tí o bi mí ní ìrọ̀lẹ́ àná ni mò ń dáhùn. O ní ilé iṣẹ́ kan tó ń ya fọ́tò fẹ́ gba ẹnì kan ṣoṣo, àwọn tó sì ń wá iṣẹ́ náà kún ẹnu ọ̀nà wọn dé títì. O ní wọ́n ní kí olúkúlùkù mú fọ́tò méjìlá tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ yà wá lọ́jọ́ Ajé. O ní tìrẹ kò dára tó, àti pé Bísọ́lá ọ̀rẹ́ rẹ, tí òun ti ríṣẹ́ ní tirẹ̀, ti ṣetán láti fún ọ ní méjìlá nínú èyí tí òun yà, kí o pè é ní tìrẹ. O wá ní, "Màámi, ṣé ó burú ni?" Kí n tó la ẹnu, o ti dá ara rẹ lóhùn. O ní, "Ṣebí Bàbá náà máa ń ya ọmọ kan ní méjì nínú fọ́tò ìbejì. Iṣẹ́ ọwọ́ ni gbogbo ayé ń pè é, ẹnikẹ́ni ò pè é ní irọ́."

Mo dákẹ́. O rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni. Kì í ṣe nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ọmọ mi.

Màá dáhùn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà wúwo, jẹ́ kí n ti ibi tó fúyẹ́ gbé e.

Ṣé o rántí ṣọ́ọ̀bù wa ní Old Garage, l'Óṣogbo, kí wọ́n tó kùn ún lọ́dà tuntun? Aṣọ tí a gbé kọ́ sẹ́yìn oníbàárà, èyí tí wọ́n ya ọkọ̀ òfurufú sí, tí ìyẹ́ rẹ̀ kan gùn ju èkejì lọ? Òdòdó oníke tí a máa ń fi omi ọṣẹ fọ̀ bí ọdún bá ti ń súnmọ́? Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ṣẹ́. Nígbà tí mo sọ fún bàbá mi níhìn-ín ní Ilẹ́ṣà pé mo fẹ́ lọ kọ́ fọ́tò l'Óṣogbo, ó ní, "Ọmọbìnrin wo ló ń fi ojú kan ṣoṣo wo ayé?" Mo lọ. Ọ̀gá Múfú ni wọ́n ń pe bàbá rẹ nígbà náà. Kì í pariwo mọ́ ẹnikẹ́ni. Bí mo bá ba bébà jẹ́ nínú dákúrúùmù, yàrá tí a ti ń fọ fọ́tò, yóò gbé bébà dúdú náà sókè sábẹ́ iná pupa, yóò ní, "Àdùnní, o ya òru dáadáa. Ó kù kí o ya ọ̀sán." Títí di òní, bí mo bá gbóòórùn ọtí kíkan, tó jọ ti omi tí a fi ń fọ fọ́tò, dákúrúùmù yẹn ni mo máa ń bá ara mi, àti ikọ́ bàbá rẹ ní ẹ̀yìn mi.

Ó dáa. Ìmọ̀ràn àkọ́kọ́.

Bi ẹni tí o fẹ́ yà léèrè ohun tó fẹ́ kí aráyé rí. Èmi kò béèrè. Ọdún tó ṣáájú ìgbéyàwó wa, bàbá rẹ rán èmi nìkan lọ sí Ọ̀tan-Ilé láti lọ ya bàbá àgbẹ̀ kan tó ti dàgbà gan-an. Àwọn ọmọ rẹ̀ fẹ́ fọ́tò tí wọn yóò gbé kọ́ bí ọjọ́ rẹ̀ bá pé. Ṣáájú ìgbà náà, mo ti rí ìwé kan tí àwọn òyìnbó ya ojú ènìyàn sí, ojú nìkan, ó kún ojú ìwé. Ni mo bá sún mọ́ bàbá yìí, mo ya ojú rẹ̀. Gbogbo ìlà iwájú rẹ̀ hàn bí aporo oko. Inú mi dùn débi pé mi ò fi han bàbá rẹ kí n tó gbé e lọ.

Bàbá náà gbé fọ́tò náà jìnnà sójú, ó tún gbé e súnmọ́.

"Ta nìyí?"

"Ẹ̀yin ni, Bàbá."

"Èmi kẹ̀? Ẹsẹ̀ mi dà?"

"Kò sí níbẹ̀, Bàbá. Ojú yín ni mo yà."

"Ọwọ́ mi ńkọ́?"

Ó yíjú sí àwọn ará ilé rẹ̀.

"Ẹ wá wo nǹkan o! Mo wọ agbádá. Mo wọ bàtà tuntun tó há mi lẹ́sẹ̀ láti àárọ̀ kùtù. Ọmọ yìí wá bẹ́ mi lórí, ó gbé e sínú páálí! Bí mo bá lọ tán, ṣé orí lásán ni wọ́n máa sọ pé ó bí wọn?"

Ìyàwó rẹ̀ dáhùn láti ibi tó ti ń gé ilá, ó ní, "Ẹ máa dúpẹ́ pé ó fi fìlà sílẹ̀ fún yín."

Bàbá rẹ fúnra rẹ̀ ló bá mi padà lọ. Ó gbé bàbá náà jókòó, ọwọ́ méjèèjì lórí orúnkún, ẹsẹ̀ méjèèjì nílẹ̀, bàtà ń dán. Nígbà tí a ń bọ̀, ó sọ fún mi nínú ọkọ̀ pé, "Fọ́tò tìrẹ dára. Ṣùgbọ́n ọmọ tí wọn ò tíì bí ló máa wò ó. Ó yẹ kí onítọ̀hún rí i pé bàbá ńlá òun ní ọwọ́ tó fi ṣiṣẹ́ àti ẹsẹ̀ tó fi rìn." Mo ti gbé ọ̀rọ̀ yẹn pẹ́. Níbikíbi tí o bá ti ríṣẹ́, Kẹ́hìndé, wọn yóò kọ́ ọ ní ọ̀nà tó lòde. Kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́ bi ẹni tó jókòó níwájú rẹ.

Ìkejì, má ṣe jẹ́ kí ìtìjú jókòó tì ọ́ ní ṣọ́ọ̀bù. Nígbà tí àwọn tó ń fi ẹ̀rọ fọ fọ́tò aláwọ̀ dé, ṣé o mọ̀ pé kò sí ojúlé tí kò di ilé fọ́tò ní agbègbè Old Garage? Ẹni tó kọ́ṣẹ́ fún oṣù mẹ́ta ti gbé pátákó síta. Ohun tí o ń rí ní Ìbàdàn lónìí, pé ẹnikẹ́ni tó bá ti ní fóònù ti di ayàwòrán, a rí irú rẹ̀. A jókòó. A ń nu aga. Mo ti gbọ́ pé àwọn tó ń wa wúrà ní Itagunmodi ń wá ẹni tí yóò ya àwọn kí wọ́n lè fi fọ́tò ránṣẹ́ sílé, ṣùgbọ́n mo ní èmi kọ́ ni wọ́n máa rí pé ó gbé kámẹ́rà kọ́rùn tó ń kiri bí ẹni ń ta ẹ̀pà. Odidi oṣù méjì ni mo fi ṣe ìyá ńlá lórí ebi.

Ọjọ́ tí mo wá lọ níkẹyìn, mo bá ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ihò, ẹrẹ̀ bò ó láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, eyín rẹ̀ nìkan ló funfun. Mo gbé kámẹ́rà sókè. Ó fi ọwọ́ bo ojú. "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n lọ wẹ̀. Iṣẹ́ ọ́fíìsì ni mo sọ fún ìyá mi pé mò ń ṣe." Mo dúró dè é. Ó padà dé nínú ṣẹ́ẹ̀tì funfun tí wọ́n jùmọ̀ ń wọ̀, nítorí mo rí ṣẹ́ẹ̀tì kan náà lọ́rùn ènìyàn mẹ́fà kí n tó kúrò níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Iṣẹ́ yẹn ló gbé wa la ọdún náà já. Bí ọjà kan bá kún jù, à á kiri ni, ọmọ mi. Bí àwọn ọlọ́jọ́ Ajé yìí kò bá tilẹ̀ gbà ọ́, ibi tí ẹnikẹ́ni ò tíì gbé kámẹ́rà dé ṣì pọ̀ láyé.

Mo ti dé ibi tí mò ń sá fún.

O mọ bí bàbá rẹ ṣe ń ya fọ́tò ìbejì. Ní ilẹ̀ wa, a kì í la ẹnu sọ pé ìbejì kú. Bí ọ̀kan bá lọ, ìyá á gbé èyí tó kù wá. Bàbá rẹ á gbé ọmọ náà jókòó sí apá òsì lórí àga gígùn, á yà á. Á tún gbé e sí apá ọ̀tún, á yà á lẹ́ẹ̀kejì. Nínú dákúrúùmù, á fi páálí bo ìdajì bébà, á tẹ èyí, á gbé páálí sí ìdajì kejì, á tẹ ìyẹn. Ọmọ méjì á jáde lórí àga kan. Ṣùgbọ́n ìyá ọmọ mọ̀. Bàbá ọmọ mọ̀. Alájọgbé mọ̀. Níwájú wọn la ti ṣe é. Kò sí ẹni tí fọ́tò yẹn tàn jẹ. Àyè ni wọ́n ń wá fún ọmọ tó lọ, kí àga má baà ṣófo. Èyí ló fi yàtọ̀ sí ti Bísọ́lá. Àwọn tó máa jókòó níwájú rẹ lọ́jọ́ Ajé, ta ni yóò sọ fún wọn?

Bí o bá wà lórí ìdúró, jókòó, ọmọ mi.

Fọ́tò tó wà lára ògiri wa, tí o máa ń kí láràárọ̀, ìwọ àti Táíwò nínú aṣọ olódòdó kan náà. Ìwọ ni. Ìwọ ló wà ní apá ọ̀tún. Ìwọ náà ló wà ní apá òsì. Bí o bá wálé, wo etí aṣọ ti apá òsì dáadáa, ó kúrú ju èkejì lọ. Aṣọ Táíwò ni. Ó kéré sí ọ díẹ̀.

Ẹ kò tíì pé ọdún mẹ́ta nígbà tí ibà ọjọ́ mẹ́rin gbé e lọ. Ó sì ṣẹlẹ̀ pé ọmọ ayàwòrán ni yín, ẹ kò ní fọ́tò kankan. Ṣé o gbọ́? Ilé tí gbogbo Òṣogbo ti ń wá ya ìsọmọlórúkọ, àwọn ọmọ ilé kò ní fọ́tò. Bí mo bá ní, "Bàbá Ìbejì, ẹ ya àwọn ọmọ yìí fún wa," yóò ní, "Ẹyọ kan ló kù nínú fíìmù yìí, jẹ́ kí n fi de oníbàárà. Lọ́la." Lọ́la, lọ́la. Nígbà tí Táíwò lọ, bàbá rẹ kó gbogbo àpótí négátíìfù, fíìmù tí a ti ya fọ́tò sí, sílẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi gbé wọn sókè sí iná lọ́kọ̀ọ̀kan, bóyá ó máa rí i ní igun fọ́tò ẹlòmíràn. Ohun kan ṣoṣo ló rí: lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyàwó tuntun kan, ọwọ́ ọmọdé tó di kọ́tìnì mú. A kò sì lè sọ èwo nínú yín ló ni ọwọ́ náà.

Ìgbà yẹn ló gbé ọ jókòó. Fọ́tò aláwọ̀ ti dé, ṣùgbọ́n dúdú-àti-funfun ló fi yà á, nítorí kò fẹ́ kí ẹlòmíràn fọ̀ ọ́ fún òun.

Ẹ̀bi bàbá rẹ ni pé ó ń sọ pé lọ́la. Ẹ̀bi tèmi burú jù. O tó ọmọ ọdún mẹ́fà, o dúró lábẹ́ fọ́tò náà, o ní, "Màámi, èwo ni Táíwò?" Ó yẹ kí n gbé ọ lé ẹsẹ̀. Dípò bẹ́ẹ̀, mo na ìka sí apá òsì. Ìka kan, ọmọ mi. Bàbá rẹ wò mí, ó wọ dákúrúùmù lọ. Nígbà tó jáde, ó ní, "Ìyá Ìbejì, ọmọ yìí máa dàgbà o." Mo ní mo máa sọ fún ọ. Lọ́la. Láti ọjọ́ náà, bí o bá ti ń lọ sílé ìwé, o máa gbójú sókè sí apá òsì, wàá ní, "Táíwò, mo ń lọ o." Bí àlejò bá ní, "Ẹ wo bí àwọn ọmọ wọ̀nyí ṣe jọra," màá dìde bíi pé ìsaasùn mi ń jóná. Nígbà tí bàbá rẹ dùbúlẹ̀ àìsàn, ó tún bi mí. Mo ní kí iléyá kọjá, nígbà tí o bá wálé. Kò dé iléyá. Kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere.

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Èmi kò mọ̀ pé ẹsẹ̀ mi ni ogún ọdún náà máa fi rìn. Mo mọ̀ pé ojú kan ṣoṣo tí o ní fún àbúrò rẹ ni mo gbà lọ́wọ́ rẹ lónìí. Mo rò ó bóyá kí n dúró di ẹ̀yìn ọjọ́ Ajé. Mo rí i pé "lọ́la" náà ni mo tún fẹ́ sọ. Dárí jì mí.

Nítorí náà, ìdáhùn mi nìyí. Bẹ́ẹ̀ ni, ó burú. Kì í ṣe tìtorí pé wọn yóò mú ọ. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n má mú ọ. Wọ́n máa ní, "Ta ló ya eléyìí?" ìwọ náà yóò na ìka sí apá òsì. Láti ọjọ́ náà, bí wọ́n bá ti yìn ọ́, ìsaasùn rẹ á máa jóná. Wọ́n á sì máa rán ọ níṣẹ́ tí ojú Bísọ́lá mọ̀ ọ́n ṣe, tí ojú tìrẹ kò mọ̀. Ṣòkòtò àgbàbọ̀ kì í yẹni: bí kò fúnni lẹ́sẹ̀, á ṣoni, rẹ́múrẹ́mú ni ohun ẹni ń bá ni mu.

O ní tìrẹ kò dára tó. Ta ló wò ó fún ọ? Abiyamọ tí o yà, tó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ wo bóyá ara ọmọ rẹ̀ gbóná ńkọ́? Aránṣọ tó sùn lórí ẹ̀rọ pẹ̀lú abẹ́rẹ́ lẹ́nu ńkọ́? Àti bàbá rẹ, èyí tí o fi fóònù yà nígbà tó ń ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, tó yíjú padà, tó ń ṣe bí ẹni bínú tí ẹ̀rín sì ti ń já a gbà. "Ta ló ní kí o yà mí? Mi ò tíì tún fìlà ṣe!" Lẹ́yìn ìsìnkú, àwọn ẹbí ní kí n mú fọ́tò rẹ̀ wá. Mo wá gbogbo àpótí. Ẹni tó ya ìlú tán, kò sí nínú ẹyọ kan. Tìrẹ nìkan ló wà. Òun ni mo gbé kọ́ síwájú ibùsùn mi níhìn-ín. O gé ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò, bàbá Ọ̀tan-Ilé ìbá bá ọ jà. Ṣùgbọ́n láràárọ̀, mo ń rí ọkọ mi.

Mú ìyẹn lọ. Mú mọ́kànlá mìíràn tí ìwọ fúnra rẹ yà. Bí wọ́n bá gbà ọ́, wọ́n gba Kẹ́hìndé. Bí wọn ò bá gbà ọ́, Kẹ́hìndé ni yóò jáde níbẹ̀, ó sì lè gbé orí sókè. Dúpẹ́ lọ́wọ́ Bísọ́lá fún mi, inú rere ló fi ṣe é. Kí o sì máa ya àwọn tìrẹ. Má ṣe fi ẹyọ tó kù de oníbàárà.

Mi ò ní pè ọ́ kí ọjọ́ Ajé tó kọjá. Ìwọ ni kí o pè mí, bí inú rẹ bá ti rọ̀.

Ohun kan wà nínú bébà tí mo ká mọ́ lẹ́tà yìí. Rọra tú u. Négátíìfù méjèèjì ni, bàbá rẹ kò jù wọ́n nù. Gbé wọn sókè sí ojú fèrèsé. Nínú ti apá òsì, ìwọ nìkan lórí àga, nínú aṣọ Táíwò. Nínú ti apá ọ̀tún, ìwọ nìkan náà ni. Ṣùgbọ́n wo ọwọ́ rẹ nínú èyí. Kò sí nínú fọ́tò tó wà lára ògiri, nítorí páálí bò ó. Bàbá rẹ ti ẹ̀yìn kámẹ́rà sọ fún ọ pé, "Sún díẹ̀, Kẹ́hìndé, fi àyè sílẹ̀ fún Táíwò." O sún. O wá fi àtẹ́lẹwọ́ gbá orí àga níbi tó ṣófo, bí a ṣe ń pe ẹni tó ń tijú pé kó wá jókòó.

Bàbá rẹ tẹ kámẹ́rà ná. Lẹ́yìn náà ló tó jókòó sílẹ̀.

Èmi ni, ìyá tó bí ọ,
Àdùnní, Ìyá Ìbejì.